Irú Èèyàn Wo Ló Ń Sá fún Irú?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, n kò wá ṣeré lónìí. Ewì lẹ máa ń rí lábẹ́ orúkọ mi nínú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí mo pa ewì tì, torí ọ̀rọ̀ ikùn ló wà ńlẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ikùn kì í gbọ́ àwàdà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe oúnjẹ wa ní "lókà" ni mo wá bá jà. Ẹ ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ẹ ì báà jẹ́ ará kíláàsì mi, kódà kó jẹ́ pé a jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, mo ń bá yín jà.

Ẹ wọ ilé oúnjẹ kan lójú títì Ọba Adésidà ní Àkúrẹ́, tàbí èyí tó wà lẹ́bàá géètì FUTA, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní Yábà ní Oǹdó níbí. Ẹ gbójú sókè wo pátákó tí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ sí. Ráìsì á kọ́kọ́ jókòó bí ọba: jọ̀lọ́ọ̀fù, fíráìdì, èyí tí wọ́n fún lórúkọ Ṣáínà tí ará Ṣáínà kankan ò mọ̀. Ṣàwámà á tẹ̀lé e. Bọ́gà á tẹ̀lé ṣàwámà. Ó di ìgbà tí wọ́n bá kọ gbogbo ohun tó wu ojú tán, nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á wá fa ìlà kan, wọ́n á kọ "Local" sí i. Abẹ́ ìlà yẹn ni wọ́n kó iyán sí.

Iyán! Ní Oǹdó! Ìlú tó jẹ́ pé ọ̀pá iṣu ló júwe ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀kímọ̀gún tó wà nínú wa ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn bàbá yín: bí Pupupu àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń rìn kiri inú igbó, tí Ifá ní kí wọ́n dúró síbi tí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta iṣu bá ti kọ̀ tí kò wọlẹ̀, tí wọ́n sì gún un títí, tí kò wọlẹ̀, tí wọ́n fi sọ ẹrù kalẹ̀. Orúkọ ìlú ti ara ọ̀pá iṣu wá. Ìlú yìí náà ni wọ́n ti wá ń fi iyán sí abẹ́ ìlà, bí ọmọ tó ṣẹ̀ tí wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ò ní èébú nínú tẹ́lẹ̀, "ti ibí" ló túmọ̀ sí. Àmọ́ lẹ́nu wa ní kámpọ́ọ̀sì, n kò tíì rí ẹni tó sọ "lókà" tí kò yínmú. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ò bá dáa, lókà ni. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá wúwo, lókà ni. Ọbẹ̀ tí irú wà nínú rẹ̀, lókà ni. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí irú yẹn, torí òun ló gbé mi wá.

Lọ́dún tó kọjá, onílé kan (n kò ní dárúkọ, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí géètì) lẹ ìwé mọ́ ògiri ibi tí àwọn ayálégbé ti ń dáná. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ se irú, ògìrì tàbí pańla nínú ilé òun mọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ọ̀dà pupa fàlà sí i nídìí. Onílé nìyẹn, owó ilé ló ń wá, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló dùn mí. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìndínlógún, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn àfi méjì, kò sẹ́ni tó lanu. Wọ́n tilẹ̀ dúpẹ́. Ẹnì kan ya fọ́tò ìwé náà, ó gbé e sórí WhatsApp, ó kọ "Ọlọ́run ṣeun" sí i lábẹ́, ó fi àmì ẹ̀rín mẹ́ta tì í. Mo mọ ẹni náà. Owó irú ni ìyá rẹ̀ fi ń rán an nílé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, bóyá ó kọjá létí yín. Owó irú ló san owó ilé tó ti ń dúpẹ́ pé wọ́n lé irú jáde.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò ní Oǹdó díẹ̀, ká lọ síbi tí ọkàn yín wà. Mo mọ̀ yín. Fíìmù Jàpáànù lẹ̀ ń wò mọ́jú. Ẹ ti mọ "arigato", ẹ ti mọ "sensei". Bí Naruto bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn, tó ń fa ramen mu ṣùrù, tí ooru ń bo ojú rẹ̀, itọ́ a máa dà lẹ́nu yín. Ṣé ẹ tiẹ̀ ti wo ṣọ́ọ̀bù yẹn dáadáa? Àga gbọọrọ kan, aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà, bàbá kan tó ń se oúnjẹ lójú oníbàárà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bá a gbé abọ́. Bùkà ni, ẹ̀yin ará! Bùkà gidi! Bí wọ́n bá gbé e wá sí Arákàlẹ̀ lọ́la, ẹ máa ní ibẹ̀ ò mọ́.

Àwọn ará Jàpáànù yìí náà ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní natto. Ẹ̀wà sóyà ni. Wọ́n á sè é títí á fi rọ̀, wọ́n á fi bò mọ́lẹ̀ síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Láyé àtijọ́, inú koríko ìrẹsì gbígbẹ ni wọ́n máa ń dì í sí. Bí wọ́n bá ṣí i, ó ti dá òórùn tirẹ̀, ó ń yọ̀, ó ń fà bí ilá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rí á ní ta ló bọ́ ìbọ̀sẹ̀ síbí. Oúnjẹ àárọ̀ ni o! Wọ́n á po músítáàdì díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á dà á lé ìrẹsì gbígbóná, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á lọ síbi iṣẹ́ ní báǹkì. Ó wà nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí kì í tì tọ̀sán-tòru. Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Mito, natto ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n bí a ṣe ń fi àmàlà mọ Ìbàdàn. Wọ́n tilẹ̀ yan ọjọ́ fún un, ọjọ́ 10 oṣù 7, torí pé ní èdè wọn èèyàn lè ka 7 àti 10 pọ̀ kó dún bíi "na-to". Ẹ̀yin tí à ń kọ́ èdè pọ̀, ṣé ẹ rí nǹkan? Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ṣeré kí oúnjẹ tó ń rùn lè ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọdún. Àwa tí irú (èyí tí à ń jẹ) àti irú (bíi ká ní "irú èèyàn wo") jọ jẹ́ ohùn kan náà lẹ́nu wa, kí la ti fi ṣe?

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti kòkòrò inú wọn. Kòkòrò tín-tìn-tín tó ń sọ sóyà di natto, Bacillus subtilis lorúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é. Èyí tó jẹ́ aṣáájú láàárín àwọn tó ń sọ irúgbá di irú ńkọ́? Bacillus subtilis. Ọmọ ìyá kan náà! Ọ̀kan wà ní Tokyo tó ń jẹun àárọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá báǹkì, èkejì wà ní Oǹdó tí onílé ń fi ọ̀dà pupa lé jáde. Àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ni wá. Òǹkọ̀wé wọn kan, Takano Hideyuki, rin ìrìn-àjò wá sí Áfíríkà torí irú, ó sì gbé odidi ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2020. "Natto Áfíríkà" ló pè é, kò pè é ní lókà.

Ẹ ó ní natto ò nira bíi tiwa, fákìtírì ló ń ṣe é. Òótọ́ ni, fákìtírì ló ń ṣe é báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo èyí tí àwọn ìyá wa ń fọwọ́ ṣe. Wọ́n á se irúgbá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, nígbà míì di ọjọ́ kejì, torí pé èèpo rẹ̀ le bí òkúta. Wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á, wọ́n á tún un sè. Wọ́n á dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á fi aṣọ bò ó, wọ́n á gbé e síbi tó móoru fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Obìnrin tó ń ṣe é ò ní tẹmómítà. Ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n, imú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá pẹ́ jù ó bàjẹ́, bó bá yá jù kò dùn. Iṣẹ́ ọwọ́ tó gba ìmọ̀ tó báyìí, òun lẹ̀ ń dì mọ́ "lókà" yìí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ òórùn náà. Ìyá mi á ṣí ìkòkò, á ní "ọbẹ̀ yìí ń ta sánsán". Ẹ̀gbọ́n tó ti ilé-ìwé dé á wọlé, á di imú, á ní "kí ló ń rùn báyìí?" Òórùn kan náà ni, ilé kan náà ni. Imú kọ́ ló yàtọ̀. Ẹnì kan ló kọ́ ọ̀kan nínú imú méjèèjì láti máa tijú.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan kí ẹ má bàa ní mò ń pọ́n Jàpáànù jù. Gbogbo wọn kọ́ ló ń jẹ natto. Àwọn ará Osaka àti agbègbè rẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Kò burú. Ẹnu olúkúlùkù àti ohun tó ń fẹ́. Bí irú ò bá wu ẹnì kan jẹ, kó má jẹ ẹ́, n kò ní fi sí i lẹ́nu. Àmọ́ kí nǹkan má wu èèyàn yàtọ̀ sí kó máa tijú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹ bọ́gà o. McDonald's ti dé Ginza láàárín Tokyo ní 1971. Èyí tí n kò tíì gbọ́ ni pé ẹnì kan fa ìlà sí abẹ́ bọ́gà, tó wá kó natto sí ìsàlẹ̀ ìlà.

Ó ku Ajinomoto. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá, àbí ẹ rò pé Ọjà Ọba Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ṣe é? Ní 1907, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísìrì kan ní Tokyo, Kikunae Ikeda, bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi konbu sè dùn tó báyìí. Ewéko inú òkun ni konbu. Adùn rẹ̀ kì í ṣe ti iyọ̀, kì í ṣe ti ṣúgà, kò kan, kò korò. Ikeda se konbu, ó sẹ́ ẹ, ó yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó fún adùn náà lórúkọ ní èdè tirẹ̀: umami. Nígbà tó fi di 1909, wọ́n ti ń tà á. Ní 1991 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láti máa dì í ní sáṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn ìyá wa, àwọn ìyá wa sì sọ orúkọ rẹ̀ di Yorùbá.

N kò sí lára àwọn tó ń pariwo pé májèlé ni. Ẹ̀rí wọn ò tó. Ohun tó ń ká mi lára ni pé Ikeda ti lọ kàwé ní Jámánì kó tó ṣe gbogbo èyí. Ó rí òkè òkun, ó jẹ oúnjẹ wọn, ó padà sílé, ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ló tọ́ wò tó fi di olókìkí. Irú adùn tó rí nínú konbu ń bẹ nínú irú, torí pé kòkòrò yẹn a máa tú u sílẹ̀ bí irúgbá bá ṣe ń kan. A ní i nínú ìkòkò. A dà á nù torí òórùn, a wá lọ ra adùn kan náà nínú bébà pupa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún wa.

Kì í ṣe pé àwọn tiwa ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Odunfa ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ̀wé lórí àwọn kòkòrò inú irú láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. G. A. Makanjuola ní Ifẹ̀ ti ya àwòrán ẹ̀rọ tó ń gún iyán ní àwọn ọdún 1970. Ìwé wọn ń bẹ ní láíbìrì. Mélòó nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́mísìrì ló ti ṣí i wò? Ẹ máa ń ṣe ìwádìí lórí ohun tí ẹ rí nínú ìwé òyìnbó, ìdí irú sì wà lẹ́yìn ilé yín.

Indomie ńkọ́? Ẹ fara balẹ̀, èmi náà ń jẹ ẹ́, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Òru ọjọ́ ìdánwò, kí ni n bá tún jẹ? Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ebi ń pa Jàpáànù. Àlìkámà Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́, búrẹ́dì ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ nílé-ìwé. Bàbá kan tó ń jẹ́ Momofuku Ando béèrè pé kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ nudù, tí àwọn èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1958 ó gbé ti ìṣẹ́jú díẹ̀ jáde, ní 1971 ó fi í sínú ife. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n gba àlìkámà àlejò, wọ́n fi ẹnu tiwọn tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gba ẹnu wọn. Wọn ò sì dúró níbẹ̀. Ní 1976 wọ́n dá ìrẹsì padà sínú oúnjẹ ilé-ìwé. Ní 2005 wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ nípa oúnjẹ.

Àwa ńkọ́? Nudù gba Indonéṣíà kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ wa ní 1988. Ní 1995 wọ́n kọ́ fákìtírì rẹ̀ sí Ọ̀tà. Ní 2022, èyí tí a jẹ ní Nàìjíríà ju bílíọ̀nù 2 páàkì lọ. Ìjọba Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ búrẹ́dì, a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdá tó ju 60 lọ nínú 100 iṣu tó ń hù lágbàáyé, Nàìjíríà ló ń hù ú. Kí ni Ando ìbá fi iṣu ṣe ká ní Oǹdó ni wọ́n bí i sí? N kò mọ̀, àmọ́ ó dá mi lójú pé kò ní fi í sí abẹ́ ìlà.

Ẹ ní iyán ń gba àkókò. Ẹ gbọ́ ẹnu yín! Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Tokyo, ṣé àkókò wọ́n pọ̀ ju tiyín lọ ni? Inú ibùdókọ̀ gan-an ni bùkà wọn wà, wọ́n á dúró lórí ìdúró, wọ́n á fa soba mu láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, wọ́n á sáré wọ ọkọ̀. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n lọ gbin soba fúnra wọn. Bùkà ni ìyára tiwa. Ẹ lọ sẹ́yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ bí agogo mọ́kànlá bá ti ń lù, ẹ máa gbọ́ odó. Nígbà tí ẹ bá fi jókòó, iyán ti wà ńlẹ̀. Ẹ fọwọ́, wọ́n á bi yín ní òkèlè mélòó, ẹran àbí ẹja, ẹ̀fọ́ àbí ẹ̀gúsí. Kí ọmọ tó wà ní ilé oúnjẹ aláfẹ́fẹ́ tó tẹ nọ́ńbà yín tán sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ ti jẹ òkèlè kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n yin bùkà díẹ̀ sí i, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ṣe é. Bẹ́ǹṣì kan náà ni ọ̀gá tó gbé jíìpù wá àti oníkẹ̀kẹ́ tó páàkì síta jọ ń jókòó lé. Bí ẹ bá wọlé bá ẹni tó ń jẹun, á ní "ẹ bá mi jẹ o", ẹ máa ní "á gba ibi ire", bẹ́ẹ̀ ẹ ò mọ ara yín rí láyé. Àwọn ará Jàpáànù ní "itadakimasu" tí wọ́n máa ń sọ kí wọ́n tó jẹun, ẹ̀yin sì ti kọ́ ọ nínú fíìmù, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín lórí Indomie. Nígbà wo lẹ sọ "á gba ibi ire" fún ẹnì kan kẹ́yìn? Ní ilé oúnjẹ aláfẹ́fẹ́ yẹn, ta ló ń kí ta? Gbogbo wa dojú kọ fóònù.

Ìyán tiwọn náà wà, mochi ni wọ́n ń pè é. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ ni, wọ́n á sè é, wọ́n á dà á sínú odó, wọ́n á fi òòlù igi gún un, ẹnì kan á máa yí i padà bí ọmọ odó ṣe ń gòkè. Ọdún tuntun ni wọ́n ń gún un. Olóṣèlú ń gún un, ọmọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ń gún un, wọ́n sì ń ya fọ́tò. Nílé wa, bí ọmọkùnrin kan bá gbé ọmọ odó lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á bi í bóyá gáàsì tán ni.

Ti ewé ò ní gùn. Ẹ mọ ewé eéran tí à ń fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí ẹ ti fi ọ̀rá àti agolo rọ́pò rẹ̀. Inú igbó ìpínlẹ̀ wa yìí ló ń hù. Èso rẹ̀ ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní thaumatin, tó fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Jàpáànù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi sí oúnjẹ. Wọ́n ń lá èso ewé wa lọ́hùn-ún, àwa ń da iyán gbígbóná sínú ọ̀rá, a ní ìyẹn ló mọ́. (Àwọn náà ń fi ọ̀rá dì nǹkan o, wọ́n tiẹ̀ ń ṣe àṣejù. Ibi tí wọ́n bá ti ṣìnà, ká má tẹ̀lé wọn.)

Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀. Ẹ máa ní, "Ìwọ tí o ń kọ́ Yorùbá, kí lo fẹ́ sọ ju èyí lọ? Iṣẹ́ ẹ ni." Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá sílẹ̀, ká sọ̀rọ̀ owó. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní oṣù karùn-ún 2023, ta ló tún ń ra Indomie ní páálí nínú yín? Ẹyọ-ẹyọ lẹ ń rà á. Sáṣẹ́ẹ̀tì ń kéré sí i, iye rẹ̀ ń ga. Ẹ̀kún ọwọ́ irú kan á se ìkòkò ọbẹ̀ méjì. Ọwọ́ obìnrin tó wà lójú ọjà ni owó yẹn sì máa lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì yín. Bí gbogbo họ́sítẹ̀ẹ̀lì tó wà láàárín Oǹdó sí Àkúrẹ́ bá lẹ ìwé pupa mọ́ ògiri, ta ló kù tó máa ra irú lọ́wọ́ rẹ̀? Nígbà náà, ta ló máa san owó ilé-ìwé ẹni tó gbé fọ́tò sórí WhatsApp?

Ẹ̀yin tó wà nílé onílé yẹn, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìjà. Ẹ ní kó ṣí fèrèsé ibi ìdáná tó kàn pa, kó fi ẹ̀rọ tó ń fa ooru síta sí i, torí ẹja díndín àti ata gbígbẹ náà ń yọ èèyàn lẹ́nu, kò sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣètò ọ̀sẹ̀ àṣà lọ́dún yìí, ẹ má tún pa ṣéèdì kan sí kọ̀rọ̀ kí ẹ kọ "Local Dishes" sí i lórí mọ́. Ẹ kọ iyán. Ẹ kọ púpurú, kí àwọn ọmọ Òkìtìpupa náà rí ara wọn. Ẹ kọ ọbẹ̀ márúgbó. Ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa, kí àwọn olùkọ́ wa má bàa fi bíìrò pupa fà á.

Ó wá kan ẹgbẹ́ tiwa, ẹgbẹ́ akéwì. Ní alẹ́ tí a kéwì kẹ́yìn, mo ka ewì mẹ́tàlá tó ń yin àṣà Yorùbá. Ẹnì kan fi dùndún sínú tirẹ̀, ẹnì kan fi ewédú, ẹnì kan sunkún nítorí odó ìyá rẹ̀ àgbà, a pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ fi ń ta wá. Nígbà tó kan aítẹ̀mù 7, wọ́n gbé míìtì-páì àti Kóòkì jáde. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín, wọ́n ní n kò ní ẹ̀kọ́.

Ìpàdé tó ń bọ̀, èmi ni mo máa se aítẹ̀mù 7. Mo ti sọ fún ààrẹ ẹgbẹ́, ó ti gbà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Iyán ni, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, irú wọ́ró nínú rẹ̀, kì í ṣe díẹ̀. Mo nílò ẹni mẹ́ta tó lè gún odó àti ẹni tó máa bá mi ra ewé. Ẹni tí òórùn rẹ̀ bá ń dà láàmú, àga wà lẹ́bàá fèrèsé, kó tètè dé kó lọ gbà á.